Pósí Kejì

Èmi ni mo kan pósí àkọ́kọ́.
Igi afárá ni, ó fúyẹ́ bí àgbá òfìfo,
mo fi ìkọ́ sí i láti inú
kí ẹni tó bá dùbúlẹ̀ síbẹ̀ lè ṣílẹ̀kùn fún ara rẹ̀.

Fálọyẹ, ọmọ òṣómàáló.
Òun náà ti ṣe é rí: ó gbé aṣọ kọ́ èjìká,
ó tàwìn dé Èkìtì, ó tàwìn dé Òǹdó,
ṣùgbọ́n tó bá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè
wọn a bu omi fún un, wọn a béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀,
òun a mu omi, a dìde, a máa dúpẹ́ lọ.
Ojú rẹ̀ kò le. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ó mọ̀jà o, ẹ má ṣì mí gbọ́.
A máa gbé ọkùnrin tó tóbi jù ú lọ sókè,
a sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tẹ́ ẹní fún àlejò.
Ṣùgbọ́n ta ló ń sanwó wo ọmọlúàbí?
Èèyàn mẹ́tàdínlógún ló wá wò ó ní gbọ̀ngàn ìlú,
mẹ́ta nínú wọn, àbúrò rẹ̀ ni.

Ó yà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkèsà lọ́jọ́ kejì.
"Bàbá Káfíńtà, ẹ kan pósí fún mi."
Mo ní, ta ló kú?
Ó ní, "Fálọyẹ."

Ọmọọṣẹ́ mi mẹ́rin ló rù ú láti Ẹrẹ́jà,
efun lójú, òwú ní ihò imú.
Abiyamọ fa ọmọ sẹ́yìn. Ọlọ́kadà ìgbà yẹn kò tíì sí,
àwọn oníkẹ̀kẹ́ ló sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n ṣí fìlà.
Wọ́n gbé e ka àárín okùn. Pápá dákẹ́.
A gbọ́ ìkọ́ mi: kẹ́ẹ́.
Ọkùnrin Ìbàdàn tó ń pe ara rẹ̀ ní Kìnnìún
ti fo okùn kọjá kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Òkú-Kọ̀run! Òkú-Kọ̀run!
Kútọnu gbọ́, Àkúrá gbọ́.
Àwọn onígbèsè àtijọ́ pàápàá gbọ́:
wọ́n gbé owó wá lóru fúnra wọn,
wọ́n jù ú gba ojú fèrèsé, wọ́n sá.

Ṣùgbọ́n alápatà kò gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.
"Ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n."
Onílé ní kó kó jáde.
Mọ́rẹ́nikẹ́ aya rẹ̀ a máa fi kànìnkànìn bọ́ ọ lójú lálaalẹ́;
efun a ṣí kúrò lára awọ,
kì í ṣí kúrò lójú ará àdúgbò.

Àwọn tó mọ̀jà jù ú lọ wà.
Ọ̀kan wà ní Ìpetu, ọwọ́ rẹ̀ dà bí irin...
ẹ wò ó, mo ti gbàgbé orúkọ rẹ̀.

Ọdún tí ọyẹ́ mú gan-an ni Fálọyẹ kú.
Apá ni mo fi kan èkejì, igi tó wúwo.
Ọwọ́ mi ti mú ìkọ́ kí n tó rántí.

Èrò kún itẹ́ bí ọjọ́ ìjà.
Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ kalẹ̀, ọmọdé kan kígbe: "Oókan!"
Àwọn yòókù gbè é: "Eéjì!"
Àgbà kan ní ṣùú. Kò sẹ́ni tó ka ẹẹ́ta.
Síbẹ̀ gbogbo wa dúró,
àlùfáà dúró, agbẹ́lẹ̀ fi ṣọ́bìrì ti ẹsẹ̀,
èmi tí mo mọ̀ pé kò síkọ̀ọ́ níbẹ̀
mo tẹ́tí.

Ìbídùnní ọmọ rẹ̀ ní kí wọ́n kọ Fálọyẹ sára òkúta.
Wọ́n kọ ọ́, ó hàn dáadáa.
Àwọn àlejò ń rìn kọjá rẹ̀,
wọ́n ń béèrè ibi tí Òkú-Kọ̀run wà.

Pósí àkọ́kọ́ ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù mi.
Ìkọ́ rẹ̀ ti dógùn-ún.
Adìyẹ kan ń yé sínú rẹ̀.